Òrùlé Olójú Mẹ́rin ti Sàká

Ní Peckham, òrùlé a máa sá pamọ́. Ẹni tó bá dúró lójú pópó tó gbójú sókè wo àwọn ilé àtijọ́ tó so kọ́ra wọn láti ìkángun kan dé ìkejì, ògiri àti fèrèsé nìkan ni yóò rí. Àwọn tó kọ́ wọn mọ ògiri iwájú kọjá orí ilé, wọ́n wá tẹ́ òrùlé sẹ́yìn rẹ̀ bí ìwé tí ènìyàn ṣí sórí itan, kí omi òjò lè máa ṣàn gba àárín. Ó ti lé lógún ọdún tí Sàká, ọmọ bíbí Ìwó, ti ń gun irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ń pààrọ̀ òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bò wọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, síbẹ̀ kò yé ráhùn sí wọn. Lójú tirẹ̀, ilé tí kò fi òrùlé rẹ̀ hàn dà bí àgbàlagbà tó wọ agbádá jáde láì dé fìlà.

Sàká kò kọ́ iṣẹ́ òrùlé lọ́wọ́ òyìnbó. Bàbá tó bí i ni káfíńtà tó kan òrùlé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé àdúgbò wọn. Bàbá náà ní àṣà kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti mú un wá. Bí iṣẹ́ bá ti kù díẹ̀ kó parí, yóò pe onílé, yóò na òòlù sí i, onílé yóò sì gun àkàsọ̀ lọ kan ìṣó tó kẹ́yìn. Kò sí àwáwí pé ènìyàn sanra tàbí pé ó ti dàgbà. Opó kan wà tí wọ́n gbé sókè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó kó lè kan tirẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìdí rẹ̀, bàbá Sàká a ní ilé tí onílé kò bá kan ìṣó sí lórí, àlejò ni yóò máa jẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Sàká lára ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀, ó ní kì í ṣe ìṣó tó kẹ́yìn nìkan, gbogbo ìṣó tó bá máa wọ òrùlé ilé òun, ọwọ́ òun ni yóò kàn án. Ilé náà wà lẹ́yìn ìlú Ìwó, lójú ọ̀nà Òṣogbo, iyàrá mẹ́rin àti pálọ̀. Láti Peckham ló ti kọ́ ọ títí ògiri fi parí. Àwọn bíríkìlà kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ kọ́lé fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún kó wọlé, ó bímọ síbẹ̀, ilé Sàká ṣì ṣí orí sílẹ̀ lábẹ́ sánmà.

Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wo ilé náà. Aránṣọ ni. Nígbà tí Sàká kúrò nílé, inú agbo-ilé bàbá rẹ̀ ló fi òun àti Hameedah ọmọ wọn sí, ó ní òun kò ní pẹ́. Hameedah wá bá a ní London nígbà tó tó ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ti Àsúmáù kò bọ́ sí i. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní físà, wọ́n tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní òun kò ní kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn mọ́ nígbà tí òun ní ilé tí wọn kò tíì so ilẹ̀kùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya náà ṣe di ẹni tó ń fi fóònù ṣe ọ̀ọ̀dẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Àsúmáù a gbé fóònù rìn yí ilé náà ká, kí ọkọ rẹ̀ lè rí bí koríko ṣe ń hù nínú pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí.

Àsúmáù a máa ní kí Bàbá Hameedah, bó ṣe ń pe ọkọ rẹ̀, jọ̀wọ́, kó jẹ́ kí Ọláoyè bá àwọn kan òrùlé náà. Ọláoyè ni ọmọ iṣẹ́ tí bàbá Sàká kọ́ gbẹ̀yìn, òun náà ti hu ewú. Sàká a ní kó ní sùúrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀: pépà ìgbélùú rẹ̀ kò tíì gún, bó bá jáde, kò ní lè padà wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí pépà fi máa jáde, ó ti pàdé Bàbá Lin, ojú rẹ̀ sì ti rí òrùlé mìíràn.

Ọgbà kékeré kan wà ní Brockley tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ará Ṣáínà. Ilé ìpàdé wọn wà níwájú, ọgbà wà lẹ́yìn. Wọ́n pe Sàká síbẹ̀ pé kó wá dí ibi tí ilé ìpàdé ti ń jò. Orí àkàsọ̀ ló wà tó fi rí bàbá tín-ín-rín kan nísàlẹ̀, tó dé kẹ́ẹ̀pù, tó ń gbẹ́ igi. Òjò dé láìròtẹ́lẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: tapólì tí wọ́n ta bo igi bàbá náà ni àwọn méjèèjì jọ sá sí abẹ́ rẹ̀. Lin ni orúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni, láti abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ti darúgbó sí London. Àtíbàbà kan ló ń kọ́ fún ẹgbẹ́ wọn, kò ní ní ògiri rárá, àfi òpó àti òrùlé.

Ó fi àwòrán òrùlé náà han Sàká. Sàká kọ́kọ́ rò pé òun mọ̀ ọ́n. Òrùlé olójú mẹ́rin kì í ṣe ohun tuntun ní Ìwó. Àwọn ọlọ́lá ìgbà bàbá rẹ̀ fi bo ilé wọn, ojú méjì gbọọrọ níwájú àti lẹ́yìn, ojú méjì tó ṣe ṣóńṣó ní ẹ̀gbẹ́, omi a sì máa ṣàn sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eegun márùn-ún ló so ti Bàbá Lin pọ̀, bó ṣe so ti Ìwó: ọ̀kan nà lókè bí eegun ẹ̀yìn, mẹ́rin tó kù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ ti Bàbá Lin kò ṣe tààrà. Láti òkè, ojú òrùlé náà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sáré, bó ti ń sún mọ́ etí, ó ń tẹ́, ó ń rọ̀, títí tó fi gbé igun rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tó tún rò ó wò. Àwọn igi ìbú tó gbé òrùlé ni bàbá náà fi ń ṣe é. Yóò ta okùn láti òkè dé etí, yóò wá máa fi igi kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ okùn náà, ọ̀kan jìn jù, ọ̀kan kò jìn tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe mọ̀ pé yóò dára.

Sàká bi í léèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó tó yẹn. Bàbá Lin ní kí òjò lè ta jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri ni, kí oòrùn sì lè ráyè wọlé. Ó gbẹ́ igi rẹ̀ lọ díẹ̀, ó wá ní ó tún dára lójú.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí Sàká kò bá ti níṣẹ́, Brockley lẹ ó ti rí i. Ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń bá bàbá náà gbé igi, ó ń dì í mú, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, kálukú sì ń sọ ọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ti rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, Bàbá Lin tọ́ka sí òrùlé náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Láyé àtijọ́ nílùú wa, bí mo bá fi irú èyí bo ilé mi, wọ́n á dè mí lọ. Ti ọba ni. Ìwọ̀nba tó tọ́ sí èmi tálákà ni ojú méjì: iwájú, ẹ̀yìn, ó tán."

"Àwa náà ní i bẹ́ẹ̀," Sàká wí. "Kọ̀bì là ń pe tiwa. Òrùlé tó yọ síwájú ilé, tí òpó gbé ró. Òun la fi ń dá ààfin mọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọba tó bá yọ kọ̀bì, ẹjọ́ ló ń wá."

"Kí ni wọ́n á ṣe fún un?"

"Wọ́n á wó o, ẹ̀yin bàbá. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn."

Bàbá Lin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ó dáa náà. Ìwọ sá fún ọba tìrẹ, èmi sá fún tèmi. Ní Brockley, ta ni yóò mú wa?"

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé eegun òkè sórí òrùlé, bàbá náà so aṣọ pupa mọ́ ọn lágbedeméjì, àwọn arúgbó ẹgbẹ́ náà sì jáde síta wá dúró wò ó, àwọn kan nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ara Sàká yá gágá. Ó ní ó tó àkókò kí wọ́n pe àgbà kan kó wá kan ìṣó. Bàbá Lin wò ó. Kò sí ìṣó. Nínú gbogbo igi tó gbé òrùlé náà ró, igi ló di igi mú. Àánú Sàká ṣe bàbá náà, ó sì ní kí àwọn tó lè dìde wá fi ọwọ́ kan igi náà kó tó gòkè. Wọ́n wá, wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá arúgbó kan fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì í.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n to àwẹ́ amọ̀ sísun sórí rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ń dán bí ẹ̀yìn alángbá. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò dán. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ó wà létí òrùlé níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Bàbá Lin ní ara òrùlé ilé bàbá òun ni. Nígbà tí òun padà sí abúlé lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ọ̀nà ọkọ̀ ni òun bá níbi tí ilé náà wà, aládùúgbò kan ló bá òun tọ́jú àwẹ́ yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló fi àwòrán àtíbàbà náà ránṣẹ́ sí Àsúmáù, láti iwájú, láti ẹ̀yìn, láti igun dé igun. Ó sọ fún un pé irú rẹ̀ ni òun máa fi bo ilé wọn, òrùlé ọba, bí òun bá ti ráyè wálé pẹ́ títí. Àsúmáù wò ó títí. Ó ní ó dára, ó dára gan-an ni. Ó wá béèrè pé ìgbà wo.

Ìbéèrè yìí ni Sàká gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò dúró láàárín ògiri, yóò ta okùn láti ìhín dé ọ̀hún, yóò wò ó sókè. Lẹ́yìn náà yóò ká okùn rẹ̀, yóò ní iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí ó bá wá padà dé Peckham, bóyá ó wà lórí òrùlé onílé, bóyá ó ń ra iṣu ní Rye Lane, ojú rẹ̀ yóò ṣàdédé kúrò níbẹ̀, yóò rí igun mẹ́rin tó gbé sókè lábẹ́ oòrùn Ìwó, yóò rí Àsúmáù tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó máa ń rí i débi pé ó mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Lin kú ní ìgbà òtútù kan. Láti ìgbà náà, bí Sàká bá ti kírun Jímọ̀ tán, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brockley, a jókòó sábẹ́ àtíbàbà náà fún ìgbà díẹ̀, a fọwọ́ kan àwẹ́ aláwọ̀ eérú náà kó tó máa lọ.

Ní ọdún tó kọjá ni eékún rẹ̀ ọ̀tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Hameedah, tó ti di nọ́ọ̀sì, ló mú un lọ rí dókítà, òun náà ló sì jókòó tì í nílé lẹ́yìn rẹ̀.

"Daddy, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. No ladder. Wọn kò ní kí ẹ rọra gùn ún o. No ladder at all."

"Òrùlé ilé mi ńkọ́?"

"Ilé èwo? Daddy, ilé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ́ mi. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti lọ́kọ."

Sàká rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ti eékún yìí fún ìyá rẹ̀. Hameedah fa ìrọ̀rí kan, ó tì í sábẹ́ eékún náà.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àsúmáù pè lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé fóònù sún mọ́ ògiri apá ìlà-oòrùn. Ògiri náà ti rin látòkè délẹ̀, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ń bó, ewéko tútù ti gùn ún. Ó ní bó bá tún fi ara gba òjò ọdún yìí láì ní nǹkan lórí, kò ní lè gbé òrùlé kankan mọ́, ìbáà jẹ́ ti ọba ìbáà jẹ́ ti ẹrú. Sàká ní bí àwẹ̀ bá parí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun ń bọ̀ wá kàn án. Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún rẹ̀ níbi tí fóònù kò lè rí i.

"Bàbá Hameedah," ni Àsúmáù wí, "ẹ wí kan fún mi. Ṣé òrùlé lẹ fẹ́ fún mi ni, àbí àwòrán?"

Sàká ní òrùlé ni.

"Ó dáa," ló wí. Ó sọ ọ́ bí aránṣọ tí ń fi eyín já òwú.

Láti ọjọ́ náà, Àsúmáù kò gbé fóònù yí ilé ká mọ́. Bí Sàká bá ní kó jẹ́ kí òun rí ilé, yóò ní iná fóònù fẹ́ tán, tàbí pé aṣọ oníbàárà ń bẹ lọ́wọ́ òun. Àwẹ̀ parí. Wọ́n ṣọdún. Sàká wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lórí kọ̀ǹpútà, ó tún fi í sílẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó máa lọ ṣe níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń lérí láti ìgbà pípẹ́, yóò wá débẹ̀ yóò dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, yóò máa nàka? Ó ń rò ó lórí ìjókòó, ó ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì, àárò ilé náà sì ń mú un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣàárò ẹni tí kò lè wò lójú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló jókòó sí Brockley tí òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Òjò London kì í pariwo. Orí amọ̀ sísun, kò tilẹ̀ dún rárá, àfi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń kán sílẹ̀ jìnnà sí òpó, níbi tí Bàbá Lin ní kó máa kán sí. Fóònù rẹ̀ dún. Ojú Àsúmáù ló rí, ariwo kan sì gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kan, bí ẹni pé èrò ọjà ń pàtẹ́wọ́.

"Nẹ́tíwọ̀kì yìí kò dáa o," Sàká wí. "Kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"

Sàká tún tẹ́tí. Ìgbà náà ló mọ̀ ọ́n. Òjò lórí páànù ni.

Àsúmáù wá gbé fóònù sókè. Igi ló kọ́kọ́ rí, igi tuntun tó ń ta òórùn bí ẹni pé òórùn lè gba inú fóònù kọjá, lẹ́yìn náà abẹ́ páànù, tí wọ́n kàn mọ́ igi dáadáa. Ilẹ̀ pálọ̀ gbẹ. Wọ́n ti ro koríko rẹ̀.

Ó rọra sọ bó ṣe ṣe é. Ó ní láti ọmọdé ni òun ti ń rán fìlà. Òun kó àwòrán tí Sàká fi ránṣẹ́ síwájú, òun wò ó títí, òun rí i pé fìlà ni: abala gbọọrọ méjì, abala ṣóńṣó méjì. Òun gé e nínú aṣọ líle tí wọ́n ń fi sínú kọ́là, òun rán an pọ̀, òun dé e fún páálí tó ní ìrísí ilé wọn, òun sì pe Ọláoyè. Ọláoyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé òun kò tíì rí ilé tí wọ́n wọn orí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣègbéyàwó. Àmọ́ nígbà tí páànù kò bá ara mu ní igun, fìlà yẹn náà ló ń wò.

Lẹ́yìn tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ó ta gèlè rẹ̀ mọ́rí, ó gbé fóònù jáde síta, ó sì fi òrùlé náà hàn án láti ọ̀ọ́kán. Páànù pupa, ojú mẹ́rin, eegun márùn-ún. Ọláoyè ti gbìyànjú láti gbé igun rẹ̀ sókè bíi ti àwòrán. Ọ̀kan gbé dáadáa. Ìkejì gbé díẹ̀. Àwọn méjì ẹ̀yìn kò gbé rárá, wọ́n kàn ń wò. Ojú Sàká rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rí i pé igi ìbú kẹta ga jù, ó rí ibi tí yóò máa jò lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ọ̀rọ̀ dé etí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó ń ṣe é bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ rìn nígbà tí kò sí nílé: inú rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó lè dá ìrìn àkọ́kọ́ náà padà fún un.

"Ta ló kan ìṣó tó kẹ́yìn?" ló wá béèrè.

"Kò tíì sẹ́ni tó kàn án."

Ó yí fóònù sí ẹnu ọ̀nà. Òpó méjì dúró síwájú ilé, tuntun, tí kò sí nǹkan kan lórí wọn, òjò ń kán sí wọn lórí.

"Kọ̀bì rèé," ni Àsúmáù wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ti ọba ni. Ọba kò tíì dé, mo bá ní kí Ọláoyè fi í sílẹ̀."

Sàká wo àwọn òpó náà. Ó fẹ́ sọ ti eékún.

"Hameedah ti sọ fún mi," Àsúmáù wí, kó tó la ẹnu. "Tipẹ́tipẹ́. Kò ga, Bàbá Hameedah. Bí ẹ bá gun àpótí ìjókòó mi, ọwọ́ yín á tó o. Èmi á di àpótí mú."

Òjò tún le lójú ọ̀nà Òṣogbo. Àsúmáù sá wọ abẹ́ òrùlé. Sàká gbé fóònù kúrò lójú, ó gbé e sétí, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ òjò ilé rẹ̀ lábẹ́ òrùlé tí kì í dún. Nígbà tó gbé e padà sójú, ó ní kí Àsúmáù jọ̀wọ́, bí òjò bá dá, kó lọ dúró ti òpó kan, kí òun lè fi í wọn bó ṣe ga tó.

Òjò dá. Àsúmáù fi fóònù ti ara fèrèsé, ó jáde lọ dúró ti òpó náà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Òpó fi nǹkan díẹ̀ ga jù ú lọ. Ó ti hu ewú létí gèlè, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ibi tó rò pé ojú ọkọ rẹ̀ wà.

Ó pẹ́ kí Sàká tó wo òpó.